Ta Ni Màmá Yìí?

Bí ẹ bá wọ takisí láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, tí ẹ bá rí obìnrin kan tó jókòó síwájú, tó gbé báàgì ìwé lé itan, tó ń sọ fún dírẹ́bà pé kó yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀ torí òun ní ìbéèrè kan tí òun fẹ́ bi í, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Mísíìsì Florence Abọ́dẹrìn ni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń rin ọ̀nà yẹn, láti ilé rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀kà, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀. Kò sí dírẹ́bà kan ní gáréèjì tí kò tíì bá a jiyàn rí lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí, tó wà nínú ìwé tí kò kà rí. "Tó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá padà sílé ni, àbí wàá jókòó sílùú òyìnbó?" Bó ṣe máa ń bi wọ́n nìyẹn. Dírẹ́bà á ní, "Háà, Tísà, èmi á padà o!" Èrò ẹ̀yìn kan á ní irọ́ ló ń pa, kò ní padà, àríyànjiyàn á sì bẹ́ sílẹ̀, kò ní tán títí wọ́n á fi kọjá Akùngbá.

Obìnrin kúkúrú ni, ara rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti ní ilé tiwọn, ọ̀kan ní Ìbàdàn, èkejì ní Àbújá. Ọdún kan péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nírú ipò yẹn a máa fi ọwọ́ gbẹ̀rẹ́ mú iṣẹ́, wọ́n á máa ka oṣù. Florence kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọwọ́ gbẹ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe fún yín lọ́dún náà, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Ìwé ìtàn kan ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Obìnrin kan láti erékùṣù kékeré kan lókè òkun ló kọ ọ́, erékùṣù tó kéré débi pé tí èèyàn bá gbé àtàǹpàkò lé e nínú àwòrán ayé, ó ti bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn òyìnbó ló fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn baba ńlá wọn láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè máa gé ìrèké. Nígbà tó yá, wọ́n gba òmìnira. Wọ́n sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀, wọ́n ta tiwọn, wọ́n sì ní orin tiwọn. Ṣùgbọ́n rúlà tí wọ́n fi ń wọn èèyàn níbẹ̀, ti òyìnbó náà ló ṣì jẹ́: bó o ṣe sọ̀rọ̀, bó o ṣe ya irun, ìwọ̀n yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá o já mọ́ nǹkan kan. Florence ka ìwé náà láti ọjọ́ Àìkú dé ọjọ́ Ajé, ó sì ní òun gbọ́dọ̀ fi kọ́ àwọn ọmọ òun.

Ọmọbìnrin kan ni ìtàn náà dá lé, Odile lorúkọ rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja ló tọ́ ọ dàgbà. Èdè erékùṣù nìkan ni ìyá yìí gbọ́, èdè tí àwọn ẹrú ṣà jọ láti inú ọ̀rọ̀ òyìnbó àti ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n rántí. Ilé ìwé sì ti fòfin de èdè yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn, Odile gba ipò kìíní. Ìyá àgbà dìde láàárín èrò, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń fi orúkọ ilé pè é. Odile kò yíjú. Ó ṣe bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Ìyá náà rọra jókòó. Ibi tí orí kẹsàn-án ìwé náà parí sí nìyẹn.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà, ọmọ mẹ́rìnlélógún ló sì wà nínú kíláàsì. Florence mú abẹ, ó tú ìwé náà ká. Orí mẹ́rìndínlógún ni. Ó gé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn, ó sì gé bébà sìmẹ́ǹtì ṣe èèpo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tísà yòókù di orí mú. "Mísíìsì Abọ́dẹrìn! Odidi ìwé!" Ó ní kí ni àǹfààní ìwé tó pé pérépéré, tí kò sẹ́ni tó kà á.

Ó wá ṣe òfin kan. Ọmọ tó bá gbé orí kan lọ sílé gbọ́dọ̀ sọ ìtàn inú rẹ̀ fún àgbàlagbà kan, kó sì sọ ọ́ ní èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé yẹn. Ní Àkókó tiwa, èdè yẹn lè jẹ́ Yorùbá Ọ̀kà tàbí ti Ìkàrẹ́, ó sì lè jẹ́ èyí tí ará ìlú kejì kò gbọ́ rárá. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ọmọ náà á mú èsì àgbàlagbà yẹn wá, wọ́n á sì kọ ọ́ sára èèpo sìmẹ́ǹtì.

Èsì ń dé lóríṣiríṣi. Ìyá kan tó ń ṣe epo pupa ní Òkè-Ọ̀kà ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí Odile pé kó lọ kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá kan ní òun kò rí ohun tó burú nínú ohun tí ọmọ náà ṣe, pé tí wọ́n bá ń na èèyàn lórí ohun kan, ó yẹ kó sá fún un. Ṣùgbọ́n èyí tó mi kíláàsì ni ti bàbá àgbà Marwa Badmus. Alfa ni bàbá náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Marwa, tó jẹ́ ọmọ tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, dìde, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó sì sọ ọ́ bí bàbá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Wọ́n de àwọn ará erékùṣù yẹn ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n gbé wọn sọdá òkun, kí èdè wọn tó sọ nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí Ọ̀kà níbí, ta ló gbé yín?"

Florence fúnra rẹ̀ ló kọ èyí sára èèpo, lẹ́tà gàdàgbà. Ó ń yin Marwa, ó ń yin bàbá rẹ̀. Marwa kò jókòó.

"Mà, ẹ má bínú o. Ta lẹ̀yin sọ tiyín fún?"

"Tèmi bíi ti báwo?"

"Orí kẹsàn-án, Mà. Gbogbo orí yòókù la ti gbé lọ sílé. Ẹ ka orí kẹsàn-án fún wa lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì dá a padà sínú báàgì. Ọ̀dọ̀ yín ló wà."

Òótọ́ ni. Florence, ẹni tí kì í wá èsì tì, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé òun náà á mú èsì tòun wá, lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan. Ó ní kí wọ́n máa lọ síta.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ká a lọ́wọ́ kò, àfi ká dé Àjọwá. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ìlú tí àwọn abúlé tó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè para pọ̀ dá, ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Èdè àdúgbò kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Yorùbá ni wọ́n fi ń ná ọjà láàárín ara wọn, òun náà ni wọ́n fi ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n èdè tí ìyá Florence fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, èdè àdúgbò wọn ni, kò sì sí ìwé kan láyé tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ, pátákó kékeré kan wà tí wọ́n fi okùn sí. Ọmọ tó bá sọ èdè ilé ni wọ́n ń gbé e kọ́ lọ́rùn, kò sì ní bọ́ lọ́rùn rẹ̀ títí tí òun náà á fi gbá ẹlòmíràn mú. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí aago ìjáde bá lù ló máa fọ ṣáláńgá. Florence kò gbé pátákó yẹn kọ́ rí. Fún odidi ọdún mẹ́fà, kò kọ́ ọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ń pè é jáde níwájú gbogbo ilé ìwé, wọ́n ń fi í ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ mọ ọgbọ́n tó dá? Ó pa èdè náà tì nílé pẹ̀lú. Tí ìyá rẹ̀ bá bá a sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi ń dáhùn, nígbà tó yá ó di gẹ̀ẹ́sì. Bí ọgbọ́n ọmọdé ṣe ń kó bá ọmọ nìyẹn. Rufus, àbúrò rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, díẹ̀ ló kù kí pátákó yẹn di ohun ìní rẹ̀. Ó fọ ṣáláńgá títí, kò sì jáwọ́. Lónìí, kò sí òwe àdúgbò wọn tí ẹ máa bi Rufus tí kò ní mọ̀. Florence kò lè fi èdè náà sọ pé kí wọ́n bu omi wá fún òun.

Ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó le wà níwájú géètì ilé ẹ̀kọ́ Ọ̀kà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Florence nígbà náà, kò tíì pé oṣù méjì tó gba iṣẹ́. Aṣọ rẹ̀ ń dán, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dán jù ú lọ. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, òun àti pírínsípà ìgbà yẹn pẹ̀lú tísà méjì dúró nítòsí géètì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ dé. Ó ti gbé iṣu wọ ọkọ̀ láti Àjọwá, ó sọ̀ ní Ìkàrẹ́, ó wọ òmíràn, ó sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, erùpẹ̀ dé orókún rẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ló ti rí ọmọ rẹ̀, ó sì fi orúkọ ilé pè é, ní èdè wọn, pẹ̀lú ayọ̀.

Pírínsípà yíjú sí Florence. "Ta ni màmá yìí?"

Florence ní, "Màmá tó máa ń ta iṣu fún wa ni, sà."

Ìyá rẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa nígbà yẹn. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó sọ ẹrù iṣu kalẹ̀, ó fi orókún méjèèjì lélẹ̀ nínú erùpẹ̀ yẹn, ó sì kí ọmọ tó bí. "Ẹ káàsán o, Tísà. Iṣu yín rèé." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì padà gba ọ̀nà tó gbà wá. Kò sẹ́ni tó fura nínú àwọn mẹ́ta yẹn.

Láti ọjọ́ náà, ìyá kò pe Florence ní orúkọ ilé mọ́. "Tísà" ló ń pè é. Gbogbo ẹbí rò pé ìyá fẹ́ràn iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ni, wọ́n a sì máa rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn méjì péré ló mọ ohun tí orúkọ yẹn jẹ́, wọn kò sì bá ara wọn sọ ọ́ rí. Florence ò pa ìyá tì o. Ó kọ́ ilé fún un, ó ń rán oúnjẹ, ó ń rán aṣọ. Ó kàn jẹ́ pé lọ́dọọdún ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá di Kérésì, òun á kúnlẹ̀, òun á tọrọ àforíjì. Kérésì mélòó ló ti kọjá? Kó tó pinnu, àìsàn kan kọ lu ìyá. Nígbà tí ara rẹ̀ máa yá, Yorùbá ti bọ́ lórí rẹ̀ pátápátá. Èdè àdúgbò wọn nìkan ló kù, ìyẹn gan-an ni Florence kò ní.

Èmi kò ní fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún yín, ìwà tó hù yẹn kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn ìbéèrè Marwa, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé orí kẹsàn-án sínú báàgì, ó wọ ọkọ̀ gba Òkè-Àgbè lọ sí Àjọwá. Rufus ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àgbẹ̀ ni, òun ló ń gbé pẹ̀lú ìyá.

"Àǹtí mi, dókítà ní ọkàn Màmá ò lágbára mọ́ o. Ó ní ká má fọkàn sí i pé wọ́n á jẹ iṣu tuntun tó ń bọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ yòówù tẹ́ ẹ bá ní, ẹ sọ ọ́. Èmi á máa túmọ̀ rẹ̀."

"Rárá," ni Florence wí. "Ẹnu mi ló sọ ọ́ bàjẹ́. Ẹnu mi náà ló máa tún un ṣe."

Ó jókòó síwájú ìyá, ó fẹ́ kí i ní èdè àdúgbò wọn. Kíkí lásán, ó ṣì í. Ìyá, tó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, wò ó tẹ̀rín-tọ̀yàyà bí èèyàn ṣe ń wo àlejò pàtàkì, ó sì sọ̀rọ̀ kan sí Rufus.

"Kí ni wọ́n wí?"

Rufus họ orí. "Wọ́n ní ṣé Tísà ti jẹun."

Florence jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó béèrè ìwé ìkọ̀wé kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ Rufus, ó jókòó sórí ìjókòó kékeré nínú ilé ìdáná, ó sì ní kí wọ́n máa kọ́ òun. Tísà tó ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ di ọmọ kíláàsì kìíní. Omi. Iná. Jókòó. Mo wá láti Ìkàrẹ́. Ó ń fi lẹ́tà Yorùbá kọ ọ́ bó ṣe dún létí rẹ̀, torí kò sí ọ̀nà mìíràn tẹ́nì kan ti là sílẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń padà wá. Tó bá pọn dandan, á fi takisí sílẹ̀, á wọ ọ̀kadà, erùpẹ̀ á bò ó.

Lọ́jọ́ kan, ó pa ìtàn pátákó fún àwọn ọmọ yẹn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àwọn náà á ṣe tiwọn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti gé páálí, wọ́n ti fi okùn sí i. Bó ṣe fẹnu kan Yorùbá báyìí, wọ́n gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n ń hó yèè! Florence rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Páálí náà wà lọ́rùn rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ní kó gbá ilé ìdáná. Ó gbá a. Ìyá ń wò ó láti orí àga rẹ̀, Rufus sì ní ó pẹ́ tí òun ti rí i kí ìyá jókòó síta pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi ń lọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá ti ń wú nígbà náà, Florence sì ń bẹ̀rù gbogbo ìpè tó bá wọlé láti ọ̀dọ̀ Rufus. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti ìyá, ó gbé orí kẹsàn-án lé itan, ó sì sọ ìtàn Odile láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní èdè àdúgbò wọn. Ó ń kọsẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ júwe ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti tán. Ìyá di ojú, ó ń gbọ́. Nígbà tó dé ibi tí ìyá ẹlẹ́ja ti rọra jókòó, ìyá la ojú.

"Ìyá ẹlẹ́ja yẹn, ṣé ó jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà?"

Florence wo ìwé náà, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. "Ìwé ò sọ."

"Hùn," ni ìyá wí. "Ẹni tó kọ ọ́ kò béèrè."

Florence pa ìwé dé. Èyí tó kàn kò sí nínú ìwé kankan, kò sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó máa fi sọ ọ́. Ó ní géètì. Ó ní Ọ̀kà. Ó ní ìwọ gbé iṣu wá. Ó ní ọkùnrin náà bi mí pé ta ni màmá yìí. Ó ní mo purọ́. Lẹ́yìn náà, ó wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ wíwú ìyá rẹ̀ mú, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọmọ ti kọ́ ọ, tó ti kọ sínú ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ láti Sátidé kejì, ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ń bẹ̀bẹ̀. Kò mọ iye ìgbà tó sọ ọ́.

Ìyá kò sọ pé òun ti dárí jì í, kò sì sọ pé òun kò ní dárí jì í. Ó ní, "Gbé mi lọ síbẹ̀."

Rufus ta kú. Ó ní ọ̀nà yẹn kò dára, kòtò ló kún ibẹ̀, ọkàn ìyá kò lè gbà á. Ìyá ní kó lọ wá epo sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni Rufus gbé ìyá dé Ọ̀kà. Florence wà nínú kíláàsì, aṣọ funfun ló wọ̀, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò kọ nǹkan kan láti àárọ̀, ojú fèrèsé ló ń wò. Pírínsípà báyìí ni Ọ̀gbẹ́ni Gàníyù, ọmọ tí Florence fúnra rẹ̀ kọ́ nígbà kan rí. Òun ló wà nítòsí géètì nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù Rufus wọlé, tí ìyá arúgbó kan sì fi ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òfì, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nítorí pé kò sí bàtà mìíràn tó gba ẹsẹ̀ yẹn mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Gàníyù rí Florence tó ń sáré bọ̀. Kò mọ ohunkóhun. Ìwà ọmọlúàbí lásán ló mú un béèrè.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ mà ní àlejò. Ta ni màmá yìí?"

Florence dúró. Àwọn tísà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ti kún ojú fèrèsé, Marwa ti jáde síta tòun ti ìwé lọ́wọ́. Florence fi orókún méjèèjì lélẹ̀ nínú erùpẹ̀, ní ibi tó rántí dáadáa.

"Ìyá mi ni," ó wí, ohùn rẹ̀ ń dé ìta géètì. "Ìyá tó bí mi ni. Lọ́dún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, wọ́n bi mí ní ìbéèrè yìí níbí yìí, mo ní ìyá oníṣu ni. Irọ́ ni mo pa. Ìyá mi ni."

Ó tún un sọ ní èdè àdúgbò wọn. Ó ṣe àṣìṣe kan nínú rẹ̀, Rufus nìkan ló sì gbọ́ ọ.

Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó sì pè é ní orúkọ kan tí kò sí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kankan, tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ mọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn láti ọjọ́ iṣu. Orúkọ ilé ni, èmi kò sì ní kọ ọ́ síbí, ẹni tó ni í ló ni í. Lẹ́yìn náà, ó sọ gbólóhùn méjì. Florence gbọ́ méjèèjì, láìsí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì bú sẹ́kún.

Marwa ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n wí?"

Florence fi apá aṣọ funfun nu imú. "Wọ́n ní àwọn kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní ebi ń pa àwọn báyìí."

Iṣu wà nínú ọkọ̀ Rufus, torí ìyá kì í rin ọwọ́ òfìfo lọ sí ilé ọmọ rẹ̀. Wọ́n sè é ní ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́. Florence fúnra rẹ̀ ló bó o, òun ló ta epo sí i, òun ló gbé abọ́ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú gbogbo kíláàsì, ó sì jókòó sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò kánjú. Ó jẹ ẹ́ tán.

Èsì kíláàsì ọjọ́ náà kò gba àkókò. Marwa tọwọ́ bọ inú báàgì Mísíìsì Abọ́dẹrìn, ó yọ orí kẹsàn-án jáde, kò bi ẹnì kankan ní ohun tó yẹ kó kọ. Ó kọ ọ́ sára èèpo sìmẹ́ǹtì: "Ó jẹun."